Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ òkun ní kí n wá bá àbùùbùtán lúwẹ̀ẹ́ ní Tonga: ṣé kí n lọ?

Adùnní_Auckland (ọjọ́ Ajé)

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà lọ́dọ̀ àwọn tó bá ti rin irú ìrìn yìí rí, tàbí tí òkun yé ju bí ó ti yé mi lọ.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Auckland. Obìnrin kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa àwọn ẹ̀dá inú òkun, kò sì sí ọdún tí kì í lọ sí Vava'u, ní orílẹ̀-èdè Tonga, láti ṣe ìwádìí lórí àwọn àbùùbùtán tí òyìnbó ń pè ní humpback. Abuké ni èmi yóò máa pè wọ́n níhìn-ín, nítorí pé bí wọ́n bá fẹ́ rì, ẹ̀yìn wọn a yọ iké sókè kí ìrù tó tẹ̀ lé e. Ó sọ fún mi pé ààyè kan ṣẹ́ kù nínú ọkọ̀ tí òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun yóò lò fún ọjọ́ mẹ́fà nínú oṣù kẹjọ, pé bí mo bá lè san ìpín tèmi nínú owó ọkọ̀ àti owó ilé, kí n wá. Kì í ṣe pé a óò kàn jókòó sínú ọkọ̀ máa wòran o. A óò bọ́ sínú omi tọ̀ wọ́n lọ.

Ohun tó ń dà mí láàmú kò mọ ní ọ̀kan. Ìkòròdú ni wọ́n bí mi sí, etí ọ̀sà gan-an, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí àwa ọmọbìnrin sún mọ́ omi. Mo ti pé ẹni ọdún 33 kí n tó kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ níbí, nínú adágún tí wọ́n fi táìlì tẹ́ nísàlẹ̀. Mo lè lúwẹ̀ẹ́ 400 mítà láìdúró, ṣùgbọ́n n kò tíì lúwẹ̀ẹ́ rí níbi tí n kò ti rí ìsàlẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ọkọ̀ ojú omi máa ń mú mi bì. Ọkọ̀ tó ń lọ sí erékùṣù Waiheke lásán, tí kò ju ìṣẹ́jú 40 lọ, ti sọ mí di ẹni yẹ̀yẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá mi sì ti gbọ́, wọ́n ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ, pé kí n fi òkun sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Ṣùgbọ́n èyí tí kò jẹ́ kí n sùn ni pé, bí mo ṣe gbọ́ ọ, ibẹ̀ gan-an ni àwọn abo inú wọn ti ń wá bímọ. Mo ṣe iṣẹ́ agbẹ̀bí fún ọdún mẹ́fà kí n tó kúrò nílé. Bí àjèjì mẹ́rin bá já wọ yàrá ìgbẹ̀bí pé àwọn wá wòran, èmi ni n óò kọ́kọ́ lé wọn síta. Ṣé kì í ṣe ohun kan náà ni mo fẹ́ fi owó ara mi lọ ṣe yìí?

Bàbá_Ẹpẹ́ (ọjọ́ Ajé)

Adùnní ọmọ mi, ìyá rẹ kò purọ́. Apẹja ni bàbá mi, apẹja ni bàbá tó bí wọn, àwọn tí omi ṣe oúnjẹ fún sì ni wọ́n máa ń bẹ̀rù omi jù. Èmi kò rí àbùùbùtán láàyè rí, àfi òkú ọ̀kan tí ìgbì gbé wá sí etíkun nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́mọkùnrin, ẹnu rẹ̀ nìkan sì gba géńdé mẹ́ta. Jónà yọ nítorí pé wòlíì ni. Ní ọdún 2021, irú abuké tí ò ń sọ yìí gbé ọkùnrin kan mì ní Amẹ́ríkà, gbogbo ìròyìn ló gbé e. Jókòó sínú ọkọ̀, wò ó tẹ́rùn, kí o padà sílé.

Bísí_Boston (ọjọ́ Ìṣẹ́gun)

Bàbá, mo kúnlẹ̀ kí yín o, ṣùgbọ́n kò gbé e mì. Kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ wa níbí ni ó ti ṣẹlẹ̀, ní Provincetown ní Cape Cod, nínú oṣù kẹfà ọdún náà. Ọkùnrin náà wà ní ìsàlẹ̀ òkun níbi tí ó ti ń kó àwọn edé ńlá tí wọ́n ń pè ní lobster, abuké tó ya ẹnu láti fi kó ẹja wẹ́wẹ́ sì kó o mọ́ ọn. Kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi yọ sókè, tó mi orí, tó sì pọ̀ ọ́ dànù. Abuké kò ní eyín. Ohun kan tó jọ ọwọ̀ tí a tò jọ ni ó fi ń sẹ́ omi kúrò lára oúnjẹ rẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kò sì fẹ̀ tó kí odidi ènìyàn gba ibẹ̀ kọjá. Ní omi tútù níbi tí wọ́n ti ń jẹun ni irú èyí ti lè ṣèèṣì wáyé. Ní Tonga, wọn kì í jẹun.

Èmi àti ọkọ mi ti lọ rí, kì í ṣe Tonga, Silver Bank ni, lókè orílẹ̀-èdè Dominican Republic. Láti ọdún 1986 ni ìjọba ibẹ̀ ti sọ ọ́ di ibi ààbò fún àbùùbùtán, ibẹ̀ ni àwọn abuké tó ń jẹun lọ́dọ̀ wa níbí máa ń lọ bímọ láti oṣù kìíní títí di oṣù kẹrin. Inú ọkọ̀ ni a sùn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, nítorí pé òkìtì iyùn ni ibẹ̀ láàrin agbami, kò sí ilẹ̀ tí ènìyàn lè sọ̀ sí. Àdúrà ni mo fi ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ gbà, torí pé a kò wọ omi rárá. Bí a bá ti rí wọn, obìnrin tó ń darí wa, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ni òun náà, a wò wọ́n títí, a sì sọ pé, "Àwọn wọ̀nyí ń lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ."

Ní ọjọ́ kẹta ni a rí ìyá kan tó ń sùn. Ó ní kí a rọra yọ̀ sínú omi bí ẹni tó ń wọ inú ilé níbi tí ọmọ ọwọ́ ti ń sùn, kí a di ara wa lọ́wọ́ mú, kí ẹnikẹ́ni má ṣe mòòkùn, kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni má ṣe já omi pàà. Mo dojú bolẹ̀, n kò rí nǹkan kan ju búlúù lọ. Lẹ́yìn náà ni búlúù náà ní ojú. Ìyá náà wà ní nǹkan bíi mítà 15 lábẹ́ wa, ó na apá rẹ̀ méjèèjì tó funfun, mo sì kọ́kọ́ rò pé ọkọ̀ ọlọ́pọ́n méjì ló rì síbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ yọ láti abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó ń yí bọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí tó fi dé iwájú mi. Ẹ ti rí kókó kókó tó máa ń wà ní orí wọn nínú àwòrán? Irun kan ṣoṣo ló hù láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sún mọ́ ọn débi pé mo rí irun náà. Ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí ojú kan lè wò mí dáadáa, ó mí, ó sì padà lọ sábẹ́ ìyá rẹ̀.

Àbúrò mi, lọ. Nípa ti yàrá ìgbẹ̀bí, má ṣe jẹ́ kí ó dà ọ́ láàmú: bí ìyá yẹn kò bá fẹ́ wa, ẹ̀ẹ̀kan ni ì bá ju ìrù, a kò ní rí i mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́_Òkun (ọjọ́ Ìṣẹ́gun)

Ẹ̀gbọ́n Bísí, ẹ ṣé fún ìtàn yín, ṣùgbọ́n gbólóhùn tí ẹ fi parí rẹ̀ ni èmi kò lè jẹ́ kó kọjá. Ìmọ̀ nípa òkun ni mò ń kọ́ ní Brisbane fún oyè ọ̀mọ̀wé, mo sì ti bá wọn ka abuké láti orí òkè àti láti inú ọkọ̀ fún ọdún mẹ́rin. Pé ó lè lọ kò túmọ̀ sí pé lílọ náà kò ná an ní nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún agbẹ̀bí. Abuké máa ń lóyún fún nǹkan bí oṣù 11 sí 12. Ẹ̀bá Antarctica ni àwọn ti Tonga ti ń jẹun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀, wọn a wá fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà lúwẹ̀ẹ́ wá sí omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ láti bímọ. Ọmọ náà a gùn tó mítà mẹ́rin, a wọn tó tọ́ọ̀nù kan ní ọjọ́ tí wọ́n bí i. Láti ìgbà náà, ìyá kò jẹ nǹkan kan títí tí wọn yóò fi padà lọ sí gúúsù, ọ̀rá ara rẹ̀ ni ó ń yọ́ di wàrà fún ọmọ, wàrà tó ki bí ògì tí kò tíì gba omi. Ìsinmi ni oúnjẹ rẹ̀ ní Tonga. Bí a bá jí i lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rá díẹ̀ lọ; bí ọkọ̀ mẹ́wàá bá jí i lóòjọ́, fún oṣù méjì, ẹ ro ó wò. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Vava'u gan-an, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2019, fi hàn pé bí ọkọ̀ àti òmùwẹ̀ bá ti sún mọ́ ìyá àti ọmọ, wọ́n a túbọ̀ máa rì sísàlẹ̀ láti yẹra, àti pé kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ń pa òfin mọ́.

Síbẹ̀, Adùnní, n kò sọ pé kí ẹ má lọ. Òfin Tonga ni pé òmùwẹ̀ mẹ́rin péré, pẹ̀lú olùdarí kan tó ní ìwé àṣẹ, ni ó lè wà nínú omi pẹ̀lú abuké lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ ẹni tó bá wà lórí ọkọ̀ ni ìyókù wà. Ẹni tó ń ta ìran ti gba owó yín, ó sì fẹ́ kí ẹ rí nǹkan kí ilẹ̀ tó ṣú. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò fi ìdajì wákàtí ṣọ́ mímí wọn kó tó sọ ohunkóhun. Àgbà tó ń sinmi lè pẹ́ tó ìṣẹ́jú 15 kó tó wá mí, ọmọ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún ni tirẹ̀. Bí àkókò mímí ìyá bá bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú, tó ń yí ọ̀nà padà, iṣẹ́ ti tán níbẹ̀, ẹ óò wá òmíràn.

Ẹ má sì rò pé inú omi ni ẹ óò wà ní gbogbo ìgbà. Wọn yóò fún yín ní ìwé àti bírò kí ẹ máa kọ aago tí wọ́n mí. Ẹ óò máa ya àwòrán abẹ́ ìrù, torí pé àwọ̀ funfun àti dúdú tó wà níbẹ̀ dà bí ìlà ojú: ti ọ̀kan kò jọ ti èkejì, òun ni a fi ń mọ̀ pé abo tó wà níhìn-ín lónìí ni èyí tó wá ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Bí abuké bá fò sókè, tó já padà lulẹ̀ nínú omi, awọ ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ a máa léfòó; ajọ̀ tí a fi ń jọ ọ̀rá ọbẹ̀ ni a fi ń gbọ́n ọn fún àyẹ̀wò, iṣẹ́ ẹni tuntun inú ọkọ̀ sì ni ajọ̀ yẹn. Ẹ mú u pé tiyín ni.

Ìbéèrè méjì ni kí ẹ bi í kí ẹ tó sanwó. Àkọ́kọ́, ṣé ìwé àṣẹ ìwádìí ni yóò gbé yín wọ omi, àbí ìwé àṣẹ arìnrìn-àjò? Èkejì, ní ọdún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mélòó ni ó sọ pé "rárá, a kò ní wọ omi"? Bí kò bá lè rántí ọ̀kan, ẹ má lọ.

Ìyá_Ìbejì (Ọjọ́rú)

Vava'u yìí gan-an ni èmi lọ, nínú oṣù kẹsàn-án, n kò sì lọ pẹ̀lú onímọ̀ kankan. Ohun tí Akẹ́kọ̀ọ́ sọ, ojú mi ló ṣe. N kò ní dárúkọ àwọn tó ni ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ mẹ́rin ló tò sí ẹ̀yìn ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ bí ẹni tò fún epo bẹntiróòlù. Bí àwọn kan bá jáde, àwọn mìíràn a wọlé, láti aago mẹ́sàn-án títí di ọ̀sán. Ìgbà tó kàn wá, ọmọ náà ń gun ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ lọ gbọ̀ngbọ̀n, ìyá ń lọ kò wẹ̀yìn, olùdarí wa sì ń pariwo pé kí a wẹ̀ kíá, kí a wẹ̀ kíá. Mo wẹ̀ títí mo fi mu omi iyọ̀. Ẹ̀yìn ìrù ni mo rí. Nígbà tí mo gun ọkọ̀ padà, ẹkún ni mo sun, ọkọ mi rò pé inú ló dùn mí nítorí owó.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, a wọ ọkọ̀ bàbá àgbàlagbà kan, gbogbo rẹ̀ sì yàtọ̀. Ó sọ fún wa pé bàbá òun àgbà jẹ ẹran àbùùbùtán, torí pé wọ́n ń pa á ní Tonga títí di ọdún 1978 tí ọba wọn, Taufa'ahau Tupou IV, fi òfin dá a dúró. Ó pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, a jókòó. Nígbà tí a wọ omi, a gbọ́ bí ìyá ṣe ń kọrin fún ọmọ rẹ̀, ohùn náà ń dún nínú àyà mi bí ìlù gbẹ̀du. Lọ, ṣùgbọ́n mọ ẹni tó ni ọkọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Òkun (Ọjọ́rú)

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ fún ti ọjọ́ kìíní. Àtúnṣe kékeré kan: akọ ni ẹ gbọ́. Àwọn akọ nìkan ló ń kọ orin gígùn yẹn. Láti ọdún 1971 tí Roger Payne àti Scott McVay ti tẹ ìwádìí wọn jáde ni a ti mọ̀ pé orin gidi ni, tó ní ẹsẹ àti ègbè, tí akọ kan lè máa kọ léraléra fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Gbogbo akọ tó wà ní agbègbè kan ló ń kọ orin kan náà, orin náà sì ń yí padà. Ti ìlà-oòrùn Australia a máa ṣí lọ láti erékùṣù dé erékùṣù, Tonga a gbà á, a dé French Polynesia lẹ́yìn bí ọdún méjì, bí fújì tuntun ṣe ń ti Mushin dé Ṣakí. Ìyá àti ọmọ ní ohùn tiwọn, ṣùgbọ́n kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n ń sọ ọ́, ó dà bí ẹni pé wọn kò fẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́ ibi tí wọ́n wà.

Ìyá_Ìbejì (Ọjọ́rú)

Mo gbà. Bí wọ́n ṣe sọ fún wa nínú ọkọ̀ ni mo ṣe sọ ọ́.

Olùkọ́_Òmùwẹ̀ (Ọjọ́bọ̀)

Gbogbo yín ti sọ̀rọ̀ nípa àbùùbùtán, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa Adùnní. Mo ń kọ́ àgbàlagbà ní ìlúwẹ̀ẹ́ ní Lọ́ndọ̀nù, ìdajì nínú wọn jẹ́ ọmọ wa. Ọ̀rọ̀ 400 mítà kọ́ nìyí. Mo mọ ẹni tó lè lúwẹ̀ẹ́ máìlì kan nínú adágún tó jẹ́ pé, bí ó ti wo ìsàlẹ̀ tí kò rí nǹkan kan, mímí rẹ̀ dàrú láàárín ìṣẹ́jú kan. Ohun tí ẹ nílò ni kí ẹ lè dojú bolẹ̀ lórí omi, pẹ̀lú awò ojú àti ọ̀pá tí a fi ń mí, fún ìṣẹ́jú 20, láìṣe nǹkan kan rárá. Ó le ju bí ó ti ń dún létí lọ.

Aṣọ rọ́bà tí ẹ óò wọ̀ yóò ràn yín lọ́wọ́ láti léfòó. Bàtà onílẹbẹ ni kí ẹ fi ara kọ́ jù, nítorí pé ẹsẹ̀ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò ní ń já omi pàà tí Bísí sọ. Kí ẹ ra awò ojú tiyín, ẹ má yá a. Bí omi bá ń jò wọlé, ẹ kò ní rí àbùùbùtán, ẹ óò kàn máa bá awò jà. Oṣù kẹta la wà yìí, omi etíkun yín kò tíì tutù jù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tí omi dé àyà, kí ẹ tó lọ síbi tí ẹsẹ̀ kò ti tẹ ilẹ̀, ẹ má sì ṣe dá lọ. Fún èébì, ẹ lo oògùn nígbà tí inú bá bẹ̀rẹ̀ sí í rú yín.

Adùnní_Auckland (Ọjọ́bọ̀)

Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́, ẹ ṣeun gan-an, èyí ni n óò tẹ̀ mọ́ ara fíríìjì mi. Ṣùgbọ́n ti oògùn, iṣẹ́ mi nìyẹn: bí inú bá ti rú, oògùn kò ní dúró nínú ikùn mọ́. Ó kéré tán, wákàtí kan kí a tó wọ ọkọ̀ ni a ń lò ó, àwọn kan nínú rẹ̀ sì máa ń kun ènìyàn lóorun, nítorí náà ilé ni ó yẹ kí a ti kọ́kọ́ dán an wò, kì í ṣe ní ọjọ́ tí a fẹ́ bọ́ sínú agbami.

Bàbá_Ẹpẹ́ (Ọjọ́bọ̀)

Ó dáa, n kò jiyàn ti ọ̀fun mọ́. Àwa kò mọ oògùn kankan. Ẹ̀yìn ọkọ̀ níbi tí kì í ti í mì púpọ̀ ni kí o jókòó sí, kí ojú rẹ wà níbi tí òkun ti pàdé ọ̀run, má wo fóònù, má wo inú ọkọ̀, jẹ ohun gbígbẹ díẹ̀ láàárọ̀, kí o sì jìnnà sí èéfín ẹ́ńjìnnì. Bí afẹ́fẹ́ bá dìde tí ìgbì sì ga, tí onímọ̀ yín bá ní ẹ kò lọ lọ́jọ́ náà, má ṣe bínú owó. Òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru.

Kọ́lá_Kútọnu (ọjọ́ Ẹtì)

Ẹ dákun, ta ló sọ fún yín pé ó di Tonga? Láti oṣù kẹjọ títí wọ oṣù kẹwàá, abuké wà níwájú Kútọnu níbí. Àwọn onímọ̀ ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 2000, ìyá àti ọmọ wà lára wọn, àwọn ọkọ̀ kan sì máa ń gbé ènìyàn lọ wò wọ́n. Mo ti lọ lẹ́ẹ̀mejì. A gbọ́ ọ kí a tó rí i: ó mí fùú, bí ìgbà tí táyà ọkọ̀ akẹ́rù bá bẹ́, òórùn ẹja sì kọ lù wá. Adùnní, owó ọkọ̀ òfuurufú tí ẹ fẹ́ fi lọ sí Tonga, ẹ fi wá sílé.

Akẹ́kọ̀ọ́_Òkun (ọjọ́ Ẹtì)

Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lá, inú mi dùn pé ẹ mẹ́nu bà á, torí pé ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò mọ̀ pé abuké ń bímọ ní Gulf of Guinea. Ṣùgbọ́n wíwò láti inú ọkọ̀ ni ti ibẹ̀, kì í ṣe ìlúwẹ̀ẹ́. Omi ọ̀sà Nokoué tó ń tú sí òkun máa ń sọ ọ́ di àwọ̀ tíì, ìgbì etíkun le, àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń lọ sí èbúté yín àti sí Èkó sì ń kọjá láìdẹ́kun. Ẹni tó bá bọ́ síbẹ̀ kò ní rí abuké tó wà ní mítà márùn-ún sí i, abuké náà lè má tètè mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá tún lọ, ẹ ya abẹ́ ìrù wọn, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ìkànnì Happywhale, tí ń fi kọ̀ǹpútà wá ìrù tó bára mu káàkiri ayé. Àwòrán tó ń ti apá ọ̀dọ̀ wa wá kò pọ̀ rárá. Ọ̀kan láti Kútọnu níye lórí ju ọgọ́rùn-ún láti Vava'u lọ.

Bísí_Boston (ọjọ́ Ẹtì)

Mo ti gba ìbáwí lórí ọ̀rọ̀ ọ̀rá, ó sì yé mi. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ó dà bíi pé ìyọnu nìkan ni a jẹ́ fún wọn. Ní ọdún 2017, ní Rarotonga, abuké kan fi orí ti Nan Hauser, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó ti fi nǹkan bí ọdún 30 ṣe iṣẹ́ yìí, ó ń fi í sábẹ́ apá rẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fídíò rẹ̀ wà. Ẹja apanijẹ ńlá tí wọ́n ń pè ní tiger shark wà nítòsí nígbà náà. Òun fúnra rẹ̀ gbà pé ààbò ni abuké náà ń ṣe fún òun.

Akẹ́kọ̀ọ́_Òkun (ọjọ́ Ẹtì)

Mo mọ fídíò náà. Òun gbà bẹ́ẹ̀, àwọn onímọ̀ mìíràn sì ní kí a ṣọ́ra, pé a kò lè mọ èrò inú abuké láti inú ìṣe kan ṣoṣo. Ohun tí èmi rí nínú rẹ̀ ni pé obìnrin tó mọ̀ wọ́n fún ọdún 30 kò lè yọ ara rẹ̀ kúrò lábẹ́ apá náà, ó sì fara bó. Ní Ningaloo ní Australia, ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, eegun ìhà obìnrin kan ṣẹ́ nígbà tí abuké bá a nínú omi, kì í sì í ṣe pé ẹnikẹ́ni bínú sí i. Ẹran tó wọn 30 tọ́ọ̀nù kò nílò ìbínú. Adùnní, bí ẹ bá rí akọ púpọ̀ tó ń lé abo kan, tí wọ́n ń kọlu ara wọn, inú ọkọ̀ ni ẹ óò jókòó sí, bí gbogbo ayé tilẹ̀ ń bọ́ sómi.

Adùnní_Auckland (ọjọ́ Àìkú)

Ẹ̀yin ará, mo bi í ní ìbéèrè méjèèjì lónìí lẹ́yìn ìsìn. Ó ní ìwé àṣẹ ìwádìí ni òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì ń lò. Èmi, abẹ́ ìwé àṣẹ ọkọ̀ ni n óò wà pẹ̀lú olùdarí ọmọ Tonga, n kò sì ní wọ omi bí ẹni mẹ́rin bá ti pé. Fún ìbéèrè kejì, kò dá mi lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ó mú ìwé àkọsílẹ̀ ọdún tó kọjá jáde láti inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀, a jọ kà á: nínú ọjọ́ mẹ́fà, ìgbà 31 ni wọ́n rí abuké, ìgbà mẹ́rin péré ni wọ́n wọ omi. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan tí wọn kò wọ̀, ó kọ ọ́ pé, "Ọmọ tuntun, lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ká." Mo ní kí ló dé tí lẹbẹ fi ká, ó ní nínú ikùn ni ó ti ń ká, kò tíì nà, pé wọ́n lè má tíì ju ọjọ́ díẹ̀ lọ lẹ́yìn ìbímọ. Wọ́n yí ọkọ̀ padà láti ọ̀nà jíjìn.

Agbẹ̀bí ni obìnrin yìí o. N óò lọ. Mo ti ra awò ojú. Ní Àbámẹ́ta tó kọjá, èmi àti ọkọ mi lọ sí Takapuna, mo dojú bolẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ mi kò ti tẹ ilẹ̀, mo ka ọgọ́rùn-ún méjì kí n tó gbé orí sókè. Ìyá mi kò tíì gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń béèrè bóyá òtútù yóò mú mi.

Ìyá_Ìbejì (ọjọ́ Àìkú)

Ẹ sọ fún wọn pé yóò mú ọ, omi ibẹ̀ kò ju bíi 24 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ nígbà náà, afẹ́fẹ́ orí ọkọ̀ gan-an ló sì ń mú ni. Gbé kóòtù tí omi kì í wọ̀ dání. Ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ: ní Tonga, òfin ilẹ̀ náà ló dá ọjọ́ Àìkú sí fún ìsinmi, kò sí ọkọ̀ tí yóò gbé ọ lọ wo àbùùbùtán. Gbogbo ìlú Neiafu ló ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì mọ orin kọ. Di ìró àti bùbá kan mọ́ ẹrù rẹ.